Oorun Tí Mo Fi Orúkọ Ọlọ́run Jí

Àwọn kan ń jí owó. Àwọn kan ń gba ọkọ ọlọ́kọ. Oorun ni èmi jí ní tèmi, orúkọ Ọlọ́run ni mo sì fi ṣílẹ̀kùn tí mo gbà wọlé lọ jí i. Ẹ fún mi láyè kí n rò ó bó ṣe rí. N kò ní fi iyọ̀ sí i, n kò sì ní yọ egungun inú rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Ṣọ́ọ̀bù awò ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ gé gíláàsì, tí mo sì ń tò ó sínú férémù. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí Bíṣọ́ọ̀bù yà mí sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí wúńdíá nínú ìjọ Kátólíìkì. Mo dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n fi ìborí bò mí lórí, wọ́n fi òrùka sí mi níka, wọ́n sì gbé ìwé àdúrà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí n ó fi kú.

Ẹ má pè mí ní sísítà o. Àwọn sísítà ní ilé tí wọ́n jọ ń gbé, wọ́n ní aṣọ tí wọ́n jọ ń wọ̀, wọ́n sì ní Ìyá Àgbà tó lè wo ojú wọn kó mọ̀ pé ara ọmọ yìí kò dá. Àwa wúńdíá tó ń gbé láàárín ìlú kò ní irú rẹ̀. Ilé tí mo háyà ni mò ń gbé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń jẹ. Aṣọ tí ẹ̀yin ń wọ̀ ni mò ń wọ̀. Abẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ni mo wà, àmọ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù pọ̀ ju èyí tó lè kà lọ. Bí mo sùn, bí n kò sùn, kò sẹ́ni tó ń bi mí.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi, tí apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwa ọmọ mẹ́ta ṣèpàdé. Tíì tí wọ́n bù fún wa kò tíì tutù tí ìpàdé fi parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ilé tèmi ti kún. Ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, ìyá ìyàwó."

Àbúrò mi obìnrin, onídìrí, gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ mọ̀ pé òòró ni mo máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ọmọ mi gan-an, àdúgbò ló ń bá mi wò wọ́n."

Ni àwọn méjèèjì bá yíjú sí mi.

"Ìwọ lo ò lọ́kọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ ò sì lọ́mọ," ni àbúrò mi fi kín in lẹ́yìn.

"O sì ti fi ara ẹ fún Ọlọ́run. Ta ló tún sún mọ́ Ọlọ́run ju ìyá ẹni lọ?" ni ẹ̀gbọ́n mi tún wí.

Kí ni n bá sọ? Mo ní kò burú. Bí wọ́n ṣe gbé Màmá wá sí yàrá àti pálọ̀ mi nìyẹn, òun àti àga onítáyà, báàgì méjì, pẹ̀lú póò kan.

Ọdún méjì.

Ìyá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé bí òun bá ti dijú, apá ọ̀tún náà á kú. Nítorí náà, ó ń pè mí ní gbogbo òru.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Màmá."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń gbàdúrà, Màmá."

"Gbà á sókè kí n gbọ́."

Màá gbé ohùn sókè. Kí n tó dé àmín, á ní òun fẹ́ tọ̀. Màá gbé e sórí póò, kò ní tọ̀. Màá gbé e padà, màá ṣí ìwé àdúrà sí ojú ewé tí mo dé. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Nígbà tó yá, àìsùn náà bá mi dé ibi iṣẹ́. Télọ̀ kan wá gba awò tuntun, ó fi í sójú, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì di òpó mú bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń mì.

"Ẹ gbà mí o! Ilẹ̀ ń gòkè wá bá mi!"

Ọ̀gá mi gba awò náà, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn. "Gíláàsì ojú ọ̀tún lo kì bọ ti òsì. Ìgbà kẹta rèé lóṣù yìí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́ tó, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́: "Ìyàwó Olúwa, àbí ọkọ ẹ kì í jẹ́ kó o sùn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà bá wọn rín in. Mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, mo tan án kó lè máa pariwo, mo sì sunkún bó ti tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo pe àbúrò mi. "Bá mi gba Màmá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré."

"Háà, Àǹtí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbàdúrà tọ̀sán-tòru, ẹ lágbára jù wá lọ o."

"Àdúrà kì í gbé èèyàn sórí póò."

"Ẹ mà lè ṣẹ̀fẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oníbàárà ń dúró, ó sì pa fóònù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n fi ṣe ẹbọ sí Olúwa. Ó ní àgbélébùú mi nìyẹn. Ó wù mí kí n bi òun tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò pé, àgbélébùú ọmọ mẹ́ta, báwo ló ṣe jẹ́ èjìká kan ló wà? N kò bi í.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò lè bá mi dù. Lọ́dọọdún, mo máa ń lọ ya ara mi sọ́tọ̀ fún àdúrà fún ọjọ́ mẹ́jọ, ní ilé àdúrà kan lórí òkè lẹ́yìn ìlú. A kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. A máa ń pa fóònù. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, àbúrò mi á wá gbé ilé mi, á máa tọ́jú Màmá. Kì í jiyàn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú á ní, "Ẹni tí Ọlọ́run pè, ta ló máa dá a dúró?"

Ọdún tí mò ń wí yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù. Àjà ilé àdúrà ti já lulẹ̀ nítorí òjò. Wọ́n ti sún ìyàsọ́tọ̀ síwájú di oṣù mẹ́ta sí i.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo ti kà á. Mo tún un kà. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa ń jókòó síbi kọ́ńtà, na ọrùn.

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Kò sí nǹkan kan."

Mo ká lẹ́tà náà, mo kì í bọ àpò. N kò tíì pinnu ohunkóhun o. Mo kàn kì í bọ àpò ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù dún.

"Àǹtí mi, Mọ́ńdè náà ni, àbí? Kí n lè sọ fún àwọn oníbàárà mi."

Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́. Mo rí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́kàn mi, mo rí póò, mo rí ojú ewé tí mi ò tíì kà kọjá láti oṣù tó kọjá.

"Mọ́ńdè ni," ni mo wí.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ kì í wúwo lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e.

Ní ọjọ́ Ajé, mo to oògùn Màmá sínú ike mẹ́ta fún àbúrò mi: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́. Ìwé tí dókítà kọ orúkọ àwọn oògùn náà sí wà nínú báàgì ọwọ́ mi, nítorí èmi ni mo ń lọ rà wọ́n. N kò rántí yọ ọ́.

"Gbàdúrà fún ẹsẹ̀ mi," ni Màmá wí.

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Mo pa fóònù kí n tó dé títì.

Ilé ìgbàlejò kan wà ní òdìkejì ìlú, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Obìnrin tó wà níbi kọ́ńtà ń gé èékánná rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Èèyàn mélòó?"

"Èmi nìkan."

Ó wá gbójú sókè. Ó wo òrùka ọwọ́ mi. "Ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn."

"Ọ̀gá wo?"

"Ó dáa, màdáámù. Àwa níbí, a kì í bèèrè."

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ pákó kan tó tó ọṣẹ ìfọṣọ, wọ́n ti fi iná kọ orúkọ ilé àti nọ́ńbà yàrá sí i lára. Yàrá keje. Bẹ́ẹ̀dì, fáànù, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Mo bọ́ bàtà. Mo ní kí n kàn rọra fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìgbà tí mo máa lajú, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti pọ́n. Mo fò dìde, mo ní, "Mò ń bọ̀, Màmá!" Fáànù nìkan ló dá mi lóhùn.

Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin sísè, mo tún sùn. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ̀ ń sùn, kò lè yé yín. Mo sùn bí ẹni tí wọ́n yá ní oorun tí wọ́n sì ti ń bọ̀ wá gbà á.

Ní Ọjọ́rú, mo ṣí ìwé àdúrà. Ojú tì mí. Mo ní, "Olúwa, O kúkú mọ̀," mo sì pa á dé. Ní Ọjọ́bọ̀, mo di báàgì mi pé kí n máa lọ sílé. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti wọ bàtà. Mo ní kí n tún rẹjú díẹ̀ sí i. Ẹ ti mọ ìyókù.

Ọjọ́ Àìkú wá dé. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín: èmi tí mo lè pa irọ́ ọjọ́ mẹ́jọ, n kò lè pa Mísà ọjọ́ Àìkú jẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ rí. Mo wá ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jìnnà sí tiwa, tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Mo wé gèlè bo iwájú orí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan tó fi òwú dúdú de apá awò ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n má rí i.

Lẹ́yìn ìwàásù, Fádà tú ìwé kan.

"Ẹ dìde. Lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù sí gbogbo ìjọ nìyí." Ó húkọ́ díẹ̀. "Arábìnrin wa kan, wúńdíá tí a yà sí mímọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú, jáde nílé lọ́jọ́ Ajé pé òun ń lọ sí ilé àdúrà. Kò débẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà."

Mo fa gèlè mi wálẹ̀ sí i.

"Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Òrùka tó ní àgbélébùú kékeré wà ní ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣubú ní Ọjọ́bọ̀, egungun itan rẹ̀ kán, ó wà ní ilé ìwòsàn, ó sì ń pè é. Àwọn ẹbí rẹ̀ àti gbogbo ìjọ rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ ká di ọwọ́ ara wa mú, ká gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé."

Ọwọ́ òsì mi ni ìyá àgbà náà wà. Ó na ọwọ́ sí mi. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á rí mi. Bí mo bá nà án, wọ́n á rí mi. Mo nà án.

Wọ́n ń gbàdúrà. Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà tí àtàǹpàkò rẹ̀ dé orí òrùka mi, tó dúró, tó sì tún padà sórí rẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ojú mi.

"Ọmọ mi," ló wí jẹ́jẹ́, "níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

Mo yíjú sí pẹpẹ.

Ó fi ọwọ́ kejì kan awò ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Gíláàsì mi yìí, wọ́n ní ó ti bà jẹ́ pátápátá, àfi kí n ra òmíràn."

"Kò bà jẹ́, Màmá," lẹnu mi wí kí n tó mọ̀. "Síkúrù apá rẹ̀ ló bọ́. Wọn kì í fi òwú dè é."

Ó fún ọwọ́ mi mọ́ tiẹ̀ gírígírí. "Fádà! Ẹ dúró! Ọmọ náà rèé! Ó wà lọ́wọ́ mi!"

Ẹ wá wo ariwo. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń sunkún. Fádà sọ̀ kalẹ̀ láti ibi pẹpẹ, ó sáré wá bá mi.

"Ọmọ mi! Ta ló jí ẹ gbé? Báwo lo ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn?"

Wọ́n ti gbé irọ́ kejì kalẹ̀ fún mi nínú àwo, gbígbóná. Kí n sáà mú ṣíbí ló kù.

"Fádà," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ bá ìyá mi."

"Kò lè sọ̀rọ̀!" ni ẹnì kan ké. "Ẹ̀rù ṣì wà lára ẹ̀! Ẹ fún un lómi!"

Wọ́n fún mi lómi. Ojú ọgọ́rùn-ún èèyàn ń wò mí, mo sì mu ún tán, bíi pé lóòótọ́ ni mo ti ọwọ́ ajínigbé dé. N kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn náà, irọ́ ni.

Mọ́tò Fádà ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nínú wọ́ọ̀dù, àbúrò mi já lù mí.

"Àǹtí mi! Mo ti pa Màmá o! Ogún ìṣẹ́jú péré ni mo fi í sílẹ̀, oníbàárà kan ń dúró, mo ní kí n yára dé ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ dìde fúnra ẹ̀. A pè yín títí! A pe ilé àdúrà, wọ́n ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àjà ti já!"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. Kò dìde. Ó ń wò mí. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀, ó dijú.

Dókítà obìnrin kan wọlé. "Ṣé ẹ̀yin lẹ mọ oògùn tí Màmá ń lò? Ẹ̀jẹ̀ wọn kò dì bó ṣe yẹ, a kò sì mọ oògùn tó fà á. A ò lè ṣiṣẹ́ abẹ báyìí. Ọjọ́ kẹrin rèé."

"Ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

N kò tètè rí i nínú báàgì. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí àga kan. Ìwé àdúrà. Ìyarun. Ìwé oògùn. Dókítà mú ìwé oògùn, ó sáré jáde. Nǹkan kan yí kúrò lórí àga, ó sì já lu ilẹ̀, gbà!

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó yí pákó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Àǹtí mi, kí lèyí?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

"Mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ ni. Ilé ìgbàlejò ni wọ́n kọ síbí. Yàrá keje."

Fádà yíjú sí ògiri.

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò jí mi gbé. Wọ́n sún ìyàsọ́tọ̀ síwájú. Mo ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo lọ sùn ni."

"Pẹ̀lú ta?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Èmi nìkan."

"Mo ní, ta lọkùnrin náà?"

"Kò sọ́kùnrin kankan."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn-ún gbọ́. "Àǹtí mi, irun ni mò ń ṣe, kò sóhun tí etí mi ò tíì gbọ́. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó lọ hòtẹ́ẹ̀lì lọ sùn."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde wàyí. "Èmi tí mi ò lè pa oúnjẹ àárọ̀ jẹ, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sí ilé òkú. Wọ́n ṣí aṣọ lójú obìnrin méjì fún mi kí n wò ó bóyá ìwọ ni. Méjì! Bí mo ṣe rí i pé èkíní kì í ṣe ìwọ, inú mi dùn. Inú mi dùn sí òkú ọmọ ọlọ́mọ! Ìwọ sì wà níbì kan, o ń hanrun."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Ibi bẹ́ẹ̀dì ni ohùn ti wá, ohùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan jáde.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Oorun ló lọ sùn."

"Màmá, ẹ ò mọ̀," ni àbúrò mi wí.

"Ta ni ò mọ̀? Ta ló ń jí i? Èmi ni. Bí mi ò fẹ́ tọ̀, màá ní mo fẹ́ tọ̀, kí n lè mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ nítòsí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń wo ojú ẹ̀ tó ń wọnú." Ó sinmi díẹ̀. "Sún mọ́ mi, ìwọ."

Mo fi eékún rìn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"O lè purọ́ fún mi. Èmi náà ń purọ́ ìtọ̀ fún ẹ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run, kí ló ṣe fún ẹ tó o fi ń tì í síwájú bí ẹlẹ́rìí èké?" Ẹnu rẹ̀ ń wa ọ̀rọ̀ tó kàn. "Ká ní o sọ pé, 'Màmá, ẹ ti sú mi,' ṣé mo máa kú ni?"

Mo gbórí lé etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ṣì ń tẹ̀ lé mi dòní.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nígbà tí oògùn ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yè é. Dókítà kò fi pa mọ́ fún mi: ká ní wọ́n tètè mọ orúkọ oògùn náà, ó ṣeé ṣe kó tún fi ọ̀pá rìn. Ní báyìí, ìyá mi kò lè dìde dúró mọ́ láéláé. Ohun tí oorun mi ná an nìyẹn.

Mo lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù. Kí n tó wọlé, mo ti bọ́ òrùka. Mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀.

"Ta ló ní kó o bọ́ ọ?"

"Mo rò pé ẹ máa gbà á ni, Bàbá."

"Ṣé ọkùnrin wà níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Wọ̀ ọ́ padà." Àgbàlagbà náà tì í padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. "Ìgbà wo ni mo bi ọ́ gbẹ̀yìn pé báwo lara?"

"Ẹ ò bi mí rí, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, màá ru ú. Ìyókù, tìrẹ ni. Ebi pa àwọn èèyàn nítorí ẹ. Lọ dúró níwájú wọn, kó o fi ẹnu ara ẹ sọ ibi tó o wà."

Mo lọ. Mo dúró níwájú ìjọ mi, mo sọ ọ́, láti orí lẹ́tà títí dórí nọ́ńbà yàrá. Àwọn kan gbà mí gbọ́. Àwọn kan ṣì ń retí kí ikùn mi yọ. Ẹgbẹ́ akọrin kò dáhùn ìkíni mi fún oṣù méjì. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò pè mí ní Ìyàwó Olúwa mọ́. Yàrá Keje ni wọ́n ń pè mí. Mo ń dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin obìnrin tí ẹbí ti fi gbogbo ẹrù lé lórí torí pé wọ́n ní ẹ kò lọ́kọ, ẹ kò lọ́mọ: mi ò ní kẹ́ ẹ sá. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ má sinmi. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó rẹ̀ yín lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá fi àárẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ Ọlọ́run, ọjọ́ tí aṣọ yẹn bá ṣí, kò ní sí ibi tó máa forí pamọ́ sí.

A ṣe ìpàdé kejì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Màmá, òun gan-an ló jẹ́ alága. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ká máa gbà á lọ́wọ́ ara wa. Àbúrò mi ní kí Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá ní kò sí wàhálà, ètò ló ṣe pàtàkì nínú nǹkan báyìí. Ó tilẹ̀ fi rúlà fa ilà sórí ìwé, ó kọ àkókò oúnjẹ àti àkókò ìwẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo wà nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, òun ló pè.

"Àbúrò."

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà." Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn kan. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà níbi ìjẹ́wọ́. "Ilé àdúrà yẹn. Èyí tó wà lórí òkè. Ṣé wọ́n ti tún àjà ẹ̀ ṣe?"

"Wọ́n ti tún un ṣe."

"Ṣé... wọ́n máa ń gba ọkùnrin?"

Ọ̀rọ̀ ọdún méjì gòkè wá sí mi lọ́fun, mo mọ èyí tí n bá kọ́kọ́ sọ, mo sì mọ bó ṣe máa dùn tó. Mo pa ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àdúrà lẹ fẹ́ lọ gbà?"

Ó tún ilẹ̀kùn náà tì dáadáa. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín."

Ó pẹ́. Mo rò pé fóònù ti já.

"Ó ti rẹ̀ mí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ ṣeun," ni mo ní. "Mò ń bọ̀ ní Sátidé."